Ìṣẹ́jú Méje

Ẹ̀rọ náà bi mí léèrè lójú fóònù:
irú ilẹ̀ wo? Yanrìn ni, àbí amọ̀?
Ṣé ó dagẹ̀rẹ̀, àbí ó tẹ́ pẹrẹsẹ?
Ìṣẹ́jú mélòó ni kí omi fi tú?
Èmi tí mo dàgbà nílé yìí ní Súrùlérè,
tí mo gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko yìí títí orúnkún mi fi bó,
n kò mọ ìdáhùn kan ṣoṣo.

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá Bàámi lójú fèrèsé.
Láti oṣù Ẹrẹ́nà tí ẹ̀gbà ti mú un lápá ọ̀tún,
tó sì ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kù sí i lẹ́nu bí ṣénjì tí kò pé,
ọwọ́ òsì, tó ti nà wá nítorí rẹ̀ rí,
ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀.
Ó na ìka márùn-ún. Ó ká wọn kò. Ó na méjì.
Mo tẹ méje.

Ogún ọdún ló fi di rọ́bà mú ní ìdájí,
kí oòrùn tó yọjú lórí páànù Àlàájà Mulikátù,
ìró àtijọ́ Màámi ló máa ń ró mọ́dìí,
á máa sọ fún koríko ohun tí kì í sọ fún wa.
"Ẹni bá bomi rin koríko lọ́sàn-án gangan,
ó ń sè é ni." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.
Nítorí náà mo kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ:
aago márùn-ún ààbọ̀. Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì.
Mo yin ara mi.

Àṣé n kò sọ fún un pé Èkó la wà.
Aago ìlú tí wọ́n ti ṣe é, lókè òkun, ló ṣì ń kà.
Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Ajé,
Díákónì Ṣówẹ̀mímọ́ wọlé wá kí aláìsàn
nínú aṣọ funfun tí sítáàṣì ti mú kó gan paali.
Orí mẹ́rin yọ láti inú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
Ó ké "Jésù!", ó fi Bíbélì borí.
Láti ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ohùn kan
tó ti di ọjọ́ mẹ́ta:
Bàámi ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín,
omijé ń bọ́, ó ń lu itan.

Mo tún aago ṣe.
Mo kábàámọ̀ díẹ̀.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà, àfi bí iná bá lọ.
Bí iná bá dé, á máa ṣẹ́jú, á ti gbàgbé wa,
n óò tún jókòó, n óò tún ròyìn ara wa fún un.
Bí òjò bá ṣú, á ránṣẹ́ sí mi:
òjò ń bọ̀, mo fo tòní.
Nígbà míì, Ìkòròdú ni òjò náà á rọ̀ sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nẹ́tíwọọ̀kì kú lóru.
Òrùka Bàámi lára irin fèrèsé ló jí mi:
ko, ko, ko.
Aago márùn-ún ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Ó ti dìde jókòó. Ta ló gbé e? N kò bèèrè.
Ó nawọ́ sí ọgbà tó dákẹ́.

Mo wá rọ́bà àtijọ́ lẹ́yìn ilé, alángbá ti fi ṣe ilé.
Mo so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, mo fi àtàǹpàkò dí i díẹ̀
bó ṣe máa ń ṣe, kí omi lè fọ́n.
Mo rí ìka rẹ̀ lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì:
ọ̀kan. Ó pẹ́. Èjì.
Nígbà tó pé méje, ìdí ìbẹ́pẹ ṣì gbẹ.
Ó wò mí. Ó ká ìka,
ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan.

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere kí fóònù tó dún lápò mi:
a kò bomi rin ọgbà yín lónìí.